Ẹlẹ́mìí Ẹṣin Lórí Ìkúnlẹ̀

Eré ọ̀nà jíjìn ni Yorùbá ń pè ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, nítorí pé ẹni tí yóò sá a dé òpin, èémí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti èèyàn lásán lọ. Aboyún náà ní orúkọ tó fara jọ ọ́: ẹlẹ́mìí méjì là ń pè é. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ méjèèjì máa ń pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara rẹ̀ ní eré sísá, tó wá lóyún, tó sì di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń fi ṣe àwàdà, pé èwo ló le jù, ọmọ bíbí ni àbí eré kìlómítà 42. A kò ní fi ipò kìíní lé èyíkéyìí lọ́wọ́ nínú àròkọ yìí. A ó kàn gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó wo ìrísí wọn, ohun tí wọ́n ń gbà lára èèyàn, àti ibi tí ìjọra wọn pin sí.

Ẹni tí a ó máa tọ́ka sí jù ni Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, ọdún 16 sì kọjá kí obìnrin mìíràn tó sá a kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin. Wákàtí 27 ló fi rọbí. Ara kan náà ni o, ọkàn kan náà, ẹ̀dọ̀fóró kan náà. Iṣẹ́ kan gba wákàtí méjì lé díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì gba odindi ọjọ́ kan lé wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá rò pé ẹsẹ̀ tó yá ni yóò mú ìkúnlẹ̀ yá, kó kọ́kọ́ ro ti wákàtí 27 yìí ná.

Eré náà la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gígùn rẹ̀ níbi gbogbo lágbàáyé. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 1908 ni, ọdún 1921 ni wọ́n sì sọ ọ́ di òfin. Àwọn ará Èkó ti mọ ojú rẹ̀ dáadáa láti ọdún 2016, tí àwọn asáré ti ń gbéra ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí Eko Atlantic létí òkun. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà yóò rí i pé ojú tí àwọn asáré fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń parí. Ní kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń juwọ́ sí òǹwòran. Nígbà tó bá fi tó nǹkan bí kìlómítà 30, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló ń tán lọ. Ọ̀rá ló kù tí ara yóò máa jó, ọ̀rá kì í sì í tètè gbiná bíi ti ṣúgà. Ẹsẹ̀ á wúwo bí ẹni gbé odó. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà tí asáré kì í pàdánù: ó mọ iye kìlómítà tó kù, ó mọ ibi tí omi wà lójú ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé bó bá le jù, òun lè dúró.

Ìrọbí ní ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, ẹnu ilé ọmọ á máa là díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10. Ní ìpele kejì, ìyá á máa ti ọmọ náà títí tí yóò fi jáde. Ìpele kẹta ni ti ibi ọmọ, èyí tí kì í pẹ́ ṣùgbọ́n tó léwu jù bí ojú ti rí i lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2018 pé láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 5 títí yóò fi là tán, kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún alákọ̀ọ́bí, àti wákàtí 10 fún ẹni tó ti bímọ rí. Títì náà kì í sábà ju wákàtí 3 lọ fún ti àkọ́kọ́, tàbí 2 fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n àkókò tó ṣáájú sẹ̀ntímítà 5 yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni òru mọ́jú máa ń wọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ ìrora kan ṣoṣo nígbà tí ìrọbí bá ti wọra. Ó máa ń ti ẹ̀yìn ìbàdí bọ̀, á yí wá síwájú, ikùn á le gbagidi bí awọ ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú oòrùn, á ga dé góńgó, á sì tún rọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ìsinmi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta á tẹ̀ lé e, òmíràn á tún dé. Ilé ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 60 lọ kí oyún tó dé. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ó ti tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣan. Asáré á dá ìlù iṣẹ́ àti ìsinmi yìí mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbára dì ní pápá: wọ́n á fi gbogbo agbára sá mítà 400, wọ́n á rìn díẹ̀ kí èémí balẹ̀, wọ́n á tún sá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ara iṣẹ́ ni ìsinmi náà, àti pé ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú ìsinmi bẹ̀rù èyí tó ń bọ̀ ti ná agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé kóòṣì á sọ fún asáré pé ẹ̀ẹ̀mejìlá ni lónìí. Agbẹ̀bí kò lè dá iye fún abiyamọ.

Agbẹ̀bí náà sì ní aago àti ìwé tirẹ̀. Ìwé onílà kan wà tí wọ́n ń pè ní pátógíráàfù, tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń là ní wákàtí sí wákàtí, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, àti bí ìrora ṣe ń tẹ̀ léra. Dókítà méjì, Philpott àti Castle, ló sọ ọ́ di ohun èlò gidi lọ́dún 1972, ní ìlú tí à ń pè ní Harare lónìí ní Sìǹbábúè. Wọ́n fa ìlà kan sí i, ìlà sẹ̀ntímítà kan fún wákàtí kan. Bí ìrọbí bá ti fà sẹ́yìn ìlà náà, ó tó àkókò láti ronú àtigbé abiyamọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó bá ti rí ìwé tí asáré máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú kìlómítà kọ̀ọ̀kan sí, yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlànà ọdún 2018 yẹn kan náà sọ pé sẹ̀ntímítà kan fún wákàtí kan ti yá jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àti pé kí a má ṣe torí ìyẹn nìkan dá sí ìrọbí tí ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. A kì í fi ìyára asáré kan na asáré mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa ìrísí tí kò yẹ kí a fò dá. Ìkúnlẹ̀ ni Yorùbá ń pe ọmọ bíbí, nítorí pé orí eékún ni àwọn ìyá ńlá wa ti ń bímọ. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wa lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti sọ ọ́ di fífẹ̀yìnlélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní báyìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbani níyànjú pé kí abiyamọ tí ara rẹ̀ le máa rìn káàkiri nígbà ìrọbí, kó sì yan bí yóò ṣe dúró, ìbáà jẹ́ ní kíkúnlẹ̀ tàbí lóòró. Asáré tó bá gbọ́ pé kí òun dùbúlẹ̀ gbalaja kí òun tó fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Tí a bá wá kúrò lórí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, tí a wo oṣù mẹ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìjọra náà ti lágbára jù. Lọ́dún 2015, àwọn asáré kan gbéra láti California, wọ́n sì sáré la Amẹ́ríkà já dé Washington, eré ẹlẹ́mìí ẹṣin bíi mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí ara wọn ń ná, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára náà ga gidigidi. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó ń wálẹ̀, títí ó fi ń sún mọ́ ìlọ́po 2.5 agbára tí ara ń ná nígbà tí èèyàn bá nà gbalaja láìṣe nǹkan kan. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìfun kò lè fa oúnjẹ wọ ara ju ìwọ̀n kan lọ lójúmọ́. Ohun tó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, ara yóò máa jẹ ara rẹ̀ ni. Wọ́n wá gbé oyún sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Nǹkan bí ìlọ́po 2.2 ni tirẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé aboyún tó jókòó ti àtẹ ata rẹ̀ lọ́jà, tí gbogbo èèyàn rò pé jókòó ló jókòó, kò jìnnà púpọ̀ sí ẹni tó ń sáré la Amẹ́ríkà já. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti fi ìdá tó sún mọ́ ìlàjì pọ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ sì ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 30 sí 50 nínú 100. Nígbà tó bá ní ó ti rẹ òun, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ibi tí ìjọra náà ti já wàyí. Ẹsẹ̀ asáré jẹ́ iṣan tó ń gbàṣẹ. Bó bá ní kó yára, yóò yára. Bó bá ní kó dúró, yóò dúró. Iṣan ilé ọmọ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oxytocin, họ́móònù tó ń ti ọpọlọ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ni ó ń mú un súnkì, ìyá kò sì lè sọ fún un pé kó sinmi kí òun fi mu omi. Nínú eré, asáré ló gun ẹṣin. Lórí ìkúnlẹ̀, ẹṣin ló ń gbé e lọ. Ohun tí obìnrin eléré ìdárayá ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́, ìyẹn láti fi ipá ti ara kọjá ibi tí ara fẹ́ dúró, kò wúlò rárá ní ìpele kìíní. Ohun tí ìpele yẹn ń béèrè ni pé kó tú èjìká sílẹ̀, kó má ṣe ki eyín bọ eyín, kó jẹ́ kí ara ṣe iṣẹ́ tí ara mọ̀. Lójú tèmi, èyí ni ẹ̀kọ́ tó le jù fún ẹni tó ti mọ́ lára láti máa pàṣẹ.

Èkejì ni pé kò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ní Òlíńpíìkì Athens lọ́dún 2004, ooru mú gan-an, ara Radcliffe kò sì gbé e mọ́ nígbà tó dé nǹkan bí kìlómítà 36. Ó dúró, ó jókòó sí ẹ̀bá títì, ó bú sẹ́kún, gbogbo ayé sì rí i. Eré náà parí fún un lọ́jọ́ náà, ó sì tún sá òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Kò sí títì tí abiyamọ lè jókòó sí. Bí wọ́n bá gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà mìíràn ló gbà débẹ̀. Kò kúrò nínú eré náà.

Ẹ̀kẹta ni ewu. Ẹni tó bá parí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, ẹ kú oríire la ó kí i. Ẹni tó bá bímọ, ẹ kú ewu ọmọ ni. Àwọn tó dá ìkíni méjèèjì sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2020, ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú gbogbo ikú abiyamọ lágbàáyé ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń fà á jù, ó sì máa ń ṣòro láti fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 2023, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa: ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá láti gba ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì ti kọjá àmì, gbogbo ìtọ́jú tó yẹ á wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó burú jáì àti ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán ni o.

Àǹfààní wo wá ni eré ìdárayá ń ṣe fún abiyamọ? Kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún tí kò ní ìdíwọ́ níyànjú pé kó máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti sá eré ọ̀nà jíjìn mọ bí a ṣe ń mí nígbà ìnira, ó mọ bí a ṣe ń gé ohun gígùn sí wẹ́wẹ́, ó sì mọ̀ pé èèyàn kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko lórí ikùn òfìfo. Ìlànà ọdún 2018 náà ní kí abiyamọ tí ewu rẹ̀ kéré máa jẹ, kó sì máa mu, nígbà ìrọbí. Èrò àtijọ́ kan wà pé iṣan tó le máa ń mú kí ìrọbí obìnrin eléré pẹ́. Àwọn ìwádìí tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá kò ra ìkúnlẹ̀ ìrọ̀rùn fún ẹnikẹ́ni. Faith Kipyegon ti Kẹ́ńyà, tó gba wúrà mítà 1,500 ní Òlíńpíìkì Rio lọ́dún 2016, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́dún 2018. Allyson Felix ti Amẹ́ríkà náà, lọ́dún kan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ló mú kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ 32.

Ti ìfarapa ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní Yunifásítì Michigan, àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ MRI wo àwọn obìnrin tí ìkúnlẹ̀ wọn le, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ àwọn eléré ìdárayá, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2015. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ní ìpalára egungun ìbàdí tó jọ sísán egungun asáré. Nǹkan bí 4 nínú 10 ni iṣan abẹ́ ìbàdí wọn ti ya. Bí irú ìpalára yìí bá ṣe agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé e kúrò ní pápá, wọ́n á fún un ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ìsinmi àti olùtọ́jú tirẹ̀. Abiyamọ á dìde ní aago méjì òru láti fún ọmọ lọ́mú. Radcliffe fúnra rẹ̀ tètè padà sẹ́nu ìgbáradì, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán. Àwọn oníṣègùn iṣan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2019 pé kí ìyá má tíì sáré títí ọ̀sẹ̀ 12 yóò fi pé, ó kéré tán. Ìyá àgbà tó bá wá wẹ ọmọ nílé wa, tó ń fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ nínú, tó sì ń lé e padà sórí ẹní, kò ka ìlànà náà, ṣùgbọ́n lórí ti ìsinmi, wọ́n bára mu.

Àwọn tó padà sórí eré kò kéré. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, kí ọmọ rẹ̀ tó pé oṣù mẹ́wàá, Radcliffe gba ipò kìíní ní New York, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 23 ṣáájú Gete Wami ti Etiópíà. Derartu Tulu bímọ lọ́dún 1998, ó sì gba wúrà mítà 10,000 ní Sydney lọ́dún 2000. Kipyegon gba wúrà Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ní Tokyo àti ní Paris. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Jasmin Paris sá eré kan tó tó máìlì 268 lórí òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú òtútù àti òkùnkùn, ó sì ṣáájú tọkùnrin tobìnrin dé òpin ní wákàtí 83 àti ìṣẹ́jú 12. Ọmọ rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà náà. Níbi tí àwọn yòókù ti ń dúró láti jẹun, kí wọ́n sì sùn díẹ̀, ó tún ní iṣẹ́ kan lọ́rùn: láti fún omi ọmú jáde.

Àwòrán tó sọ ọ̀rọ̀ yìí jù ni èyí tí wọ́n yà ní Courmayeur, ìlú kékeré kan ní Ítálì, lọ́dún 2018. Sophie Power, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń sá eré tó yí òkè Mont Blanc po, nǹkan bí kìlómítà 170. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó ti pàdánù àyè rẹ̀ nínú eré yìí rí nítorí oyún, torí pé òfin ìgbà náà gbà kí ẹni tó fara pa sún àyè tirẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò gba aboyún láyè. Nínú àwòrán náà, ọkùnrin asáré kan nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Power jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ ń mu ọmú kan, ẹ̀rọ ìfún-omi-ọmú wà lára èkejì. Nígbà tí ọmọ yó, ó gbé e padà fún bàbá rẹ̀, ó sì tún mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Ó ku nǹkan bí kìlómítà 90.